Ilẹ̀ Tútù Tí Àdìzátù Yàn

"Màmá, ṣé ilẹ̀ yìí dára?"

Bí Àdìzátù ṣe bi mí nìyẹn ní oṣù kẹjọ, ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí ó wá wo ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, lápá ìlà-oòrùn Kútọnu, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ekpè. Mo jókòó lórí àtẹ̀gùn ilé mi, mò ń ṣa ẹ̀wà. Mo gbójú sókè, mo rí obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ láàárín àgbàlá, tó bu erùpẹ̀ sọ́wọ́, tó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò.

Mo mọ èsì ìbéèrè náà. Ogún ọdún ni mo ti gbé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Dámiláre ló ni ilé ọ̀hún, àbúrò olóògbé ọkọ mi ni, ó sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó ń wò mí. Ní ilé wa ní Pobè, ìyàwó kì í ba ọjà ọkọ rẹ̀ jẹ́ lójú àlejò, àbúrò ọkọ pàápàá, ọkọ ni. Mo ní, "Ilẹ̀ Ọlọ́run ni, ìyá mi. Ilẹ̀ wo ni kò dára?"

Inú rẹ̀ dùn. "Ní Kàńdí tí a ti ń bọ̀, ẹni tó bá rí ilẹ̀ tútù báyìí, ìjà ni yóò fi gbà á. Màá gbin gbọ́rọ̀ síbí, màá gbin ilá sọ́hùn-ún."

Ọmọ Ṣakété ni, ọmọ orí òkè, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kànga títí kí wọ́n tó kan omi. Ṣọ́jà ni Mùtíù ọkọ rẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ni iṣẹ́ ti gbé wọn láti ìlú dé ìlú láàárín ọdún mẹ́rìnlá, gbogbo rẹ̀ lápá òkè, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ. Ìgbà karùn-ún yìí ni wọ́n ní kí Mùtíù sọ̀kalẹ̀ wá sí etíkun, kó wá bá àwọn tó ń fi ọkọ̀ ṣọ́ òkun ṣiṣẹ́. Bí ó bá wọ ọkọ̀ náà lọ, ó lè di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó gbúròó rẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe ní kí ìyàwó àti ọmọ wá máa gbé ní Ṣakété, kí Mùtíù dá wà ní bárékè.

Àdìzátù kọ̀. Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun bí Àṣàbí, àkọ́bí òun, bàbá rẹ̀ kò sí nílé. Ọmọ náà pé ọdún méjì, bí ó bá rí bàbá rẹ̀, ẹkún ni yóò bú sí, yóò sá pamọ́, nítorí fọ́tò ló mọ̀. "Kò ní ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, Màmá." Mùtíù gbà fún un, ṣùgbọ́n àdéhùn wà níbẹ̀: bí ilé Kútọnu kò bá gbà wọ́n, Ṣakété ni.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ ológun kó ẹrù wọn dé, Mùtíù ti wà lójú òkun. Mo ti rí ẹni tó kó dé ilé tuntun rí. N kò rí irú èyí. Ẹrù mẹ́tàlélógún, Àdìzátù so àkísà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: pupa fún ilé ìdáná, dúdú fún yàrá, funfun fún ìwé. Búrẹ́mọ̀, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kà wọ́n bí ọlọ́pàá. Àbíkẹ́yìn wọn, ọmọ ọdún méjì, wà lẹ́yìn Àdìzátù. Àpò tó wọ ọkọ̀ kẹ́yìn ní Kàńdí ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Ìkòkò kan, ẹní kan àti ìrẹsì ló wà nínú rẹ̀. Kí oòrùn tó kan àtàrí, awakọ̀ ti jẹun yó.

"Ta ló kọ́ ọ ní èyí?" mo bi í.

"Ẹrù tó sọnù ló kọ́ mi, Màmá. A gbàgbé ibùsùn kan sí Natitingú. Bóyá ewúrẹ́ ló ń sùn lórí rẹ̀ báyìí."

Mẹ́wàá nínú ẹrù náà, kò tú wọn rárá. Ó ní ìyàwó ṣọ́jà kì í tú gbogbo ẹrù.

Gbọ́rọ̀ hù. Ilá hù. Ó ń já wọn wá fún mi, mo sì ń jẹ wọ́n. Ní gbogbo ìgbà tó bá na ewé náà sí mi, ọ̀rọ̀ á dé ètè mi, màá gbé e mì.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹwàá, ọ̀sà kún. Kì í ya wọlé bí odò. Láti abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń sun, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ó ti ń ṣe lọ́dọọdún. Ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni, lọ́sàn-án. Àdìzátù kò pariwo. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Àṣàbí, funfun kọ́kọ́! Búrẹ́mọ̀, bíríìkì!" Kí n tó rí bàtà wọ̀ débẹ̀, ibùsùn ti wà lórí bíríìkì, tábìlì ti wà lórí ibùsùn, ìwé àwọn ọmọ sì ti wà lókè téńté. Omi ti bo gbọ́rọ̀ mọ́lẹ̀. Ó dúró nínú rẹ̀ dé agbede ojúgun, ó wo àtẹ̀gùn ilé mi, èyí tí ilé tirẹ̀ kò ní.

"Àtẹ̀gùn mẹ́rin," ó ní. "Ó yẹ kí n ti kà á."

Mo ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi, wọ́n sì wá.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ dé Ṣakété. Lọ́jọ́ kejì, Àkànbí, ẹ̀gbọ́n Mùtíù, pè lórí fóònù: ọjọ́ Sátidé ni òun ń mú ọkọ̀ bàṣé, ọkọ̀ akẹ́rù tó ní ìbòrí, bọ̀ wá kó wọn lọ sílé. Mùtíù wà lójú òkun, kò sí ẹni tí yóò bá Àdìzátù dá sí i. Ọjọ́ méjì ló kù fún un. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó mú igi kan, ó wọnú omi lọ, ó ń ti òpópónà kan bọ́ sí òmíràn.

Nígbà tó padà, mo bi í pé, "Kí lò ń wá?"

"Ilé."

"Ta lo bi léèrè?"

"Omi ni mo ń bi, Màmá. Òun kì í bo nǹkan."

Mo dorí kodò.

Ní Sátidé, Àkànbí dé. Ó dúró níbi tó gbẹ, ó ń ké: "Ìyàwó wa, ẹ kú omi o! Ṣé ẹ ò tíì di ẹja? Mo sọ fún Mùtíù pé òkun kì í ṣe ọ̀rẹ́ ará òkè!"

Àdìzátù kúnlẹ̀ sórí àtẹ̀gùn mi. "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá wa kó ẹrù."

Ẹnu ya ọkùnrin náà pé kò jiyàn. Láàárín wákàtí kan, ẹrù mẹ́tàlélógún ti wọ bàṣé, ó kún dé òrùlé. Àdìzátù jókòó níwájú. Èmi wà lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ọmọ.

"Ẹ yà sọ́tùn-ún," ó ní.

"Ọ̀tún bí ti báwo? Ọ̀nà Ṣakété kọ́ nìyẹn."

"Ẹ yà sọ́tùn-ún, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́."

Kò jìnnà. Lórí òkìtì iyanrìn tí òkun gbé jọ láti ayébáyé, láàárín igi àgbọn, ni ilé tí Àdìzátù ti sanwó gbà wà: yàrá méjì, kò ní àgbàlá. Iyanrìn ibẹ̀ gbẹ bí ìyẹ̀fun, nígbà tí gbogbo àdúgbò wà nínú omi. Àkànbí sọ̀kalẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ta iyanrìn, ó bẹ̀rẹ̀ wo ìdí ògiri yípo, kò rí àmì omi kankan. Ó wá bú sẹ́rìn-ín.

"Mùtíù kọ́ ni ṣọ́jà ilé yìí."

Òun fúnra rẹ̀ ló ru ibùsùn wọlé. Orí mi wú lọ́jọ́ náà bí ẹni pé èmi ni mo bí Àdìzátù.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, Mùtíù ti òkun dé. Ilé tó kún fún omi ló kọ́kọ́ bá, kò sì rí ẹnì kankan níbẹ̀. Ó sáré gun àtẹ̀gùn mi. Mo fa ọwọ́ rẹ̀ dé ìdí àgbọn. Àbíkẹ́yìn, tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ló kọ́kọ́ sáré bá a.

Ní oṣù kẹjọ tó kọjá yìí, ìdílé ṣọ́jà mìíràn wá wo ilé ẹ̀gbẹ́ tèmi náà. Bàbá Dámiláre ti kun ògiri rẹ̀ tuntun. Obìnrin náà yíjú sí mi: ṣé ibẹ̀ dára láti gbé? Bàbá Dámiláre ń wò mí. Mo dìde, mo ní, "Kò dára. Tó bá di oṣù kẹwàá, ibi tí omi yóò dé nìyí," mo sì fi ọwọ́ kan orúnkún mi. Láti ọjọ́ náà, Bàbá Dámiláre kò kí mi mọ́, àwọn ẹbí ọkọ mi sì ti ránṣẹ́ pè mí sí ẹjọ́ ní Pobè.

Mo lọ sọ ọ́ fún Àdìzátù. Ó ti gbin gbọ́rọ̀ sínú bàsíà tó lu, ó ń bomi rin ín. Ó gbọ́ mi dópin.

"Ẹ ti san gbèsè òtítọ́ fún ìdílé yẹn, Màmá," ó ní. "Tèmi ṣì wà nílẹ̀."

N kò mọ̀ pé ó ti mọ̀ pé mo fi ọ̀rọ̀ omi pamọ́ fún un. Mo ní, "Kí ni kí n fi san án, ọmọ mi?"

"Ẹ má san án. Wọn yóò tún gbé wa kúrò níbí lọ́jọ́ kan. Mo fẹ́ kí ẹnì kan ní Kútọnu jẹ mí ní nǹkan, kó máa rántí pé a gbé ibẹ̀ rí."

Ó já gbọ́rọ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fi lé mi lọ́wọ́. Mo gbà á, gbèsè náà sì tún lé sí i.