Fèrèsé Aláwọ̀ Wúrà ti Bàbá Iná-Ò-Tàn

Gbogbo èèyàn Èkó ló máa ń yọ̀ bí iná bá tàn, àfi olóògbé Ṣàfíù tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ́mù ní Ìgándò. Ìtàn tí wọ́n fi ń rántí rẹ̀ jù ni ti ilé Gideon ní Gowon Estate. Gideon ti lọ fúnra rẹ̀ ra irin fèrèsé aláwọ̀ wúrà, ó ní kí Ṣàfíù wá bá òun tò ó. Ṣàfíù yọ bátìrì, gílóòbù tọ́ọ̀ṣì àti wáyà méjì lápò, ó fi ẹnu wáyà tẹ irin náà. Gílóòbù tàn yòò. Àwọn lébìrà hó yèè bí ẹni pé wọ́n mú iná dé fún gbogbo àdúgbò. Ṣàfíù ṣí fìlà lórí, ó ní, "Ìnnálílláhì."

"Ààfáà, iná tàn, ẹ wá ń ṣọ̀fọ̀," Gideon wí.

"Òun gan-an ni mò ń ṣọ̀fọ̀ ẹ̀. Irin tó bá láwọ lára, iná ò gbọdọ̀ ráyè gba ibẹ̀. Tiyín yìí, ìhòhò ló wà jàre."

Ó wá là á yé wọn. Ọ̀dà, ẹ̀wù ni, ẹ̀wù á sì bọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ri alumíníọ́mù sínú omi ásíìdì, tí wọ́n gbé iná gbà á, yóò hu awọ fúnra rẹ̀. Awọ náà pé oríṣi méjì. Èyí tó fẹ́lẹ́ máa ń gba aró dáadáa, ó rẹwà, àmọ́ ẹnu wáyà á gún un já kí iná tàn, oòrùn á sì jẹ́ kó ṣá. Èyí tó nípọn rí bí eérú, kò wu ojú, ṣùgbọ́n òjò á rọ̀ rọ̀ rọ̀, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Gideon dá irin rẹ̀ padà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe Ṣàfíù ní Bàbá Iná-Ò-Tàn.

Hàbíbátù ìyàwó rẹ̀ ti mọ ọ̀rọ̀ awọ yìí tipẹ́, nídìí ìkòkò ló ti mọ̀ ọ́n. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ìkòkò ìyàwó tuntun gbọ́dọ̀ máa dán débi tí àna á fi rí ojú ara rẹ̀ nínú ẹ̀. Ó fi eérú àti kànìnkànìn ha ìkòkò alumíníọ́mù wọn títí ó fi ń kọ mànà. Ìyá ọkọ ń súre. Ọkọ wọlé, ó gbé ìkòkò lé ẹsẹ̀ bí ọmọ tó ṣubú. "O ti bó o láwọ, Hàbíbátù. Pẹ̀lẹ́ o, pẹ̀lẹ́." Ìkòkò ló ń kí.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá le ni ilé tiwọn ní Ìjẹ̀gùn. Ọkùnrin tó ń ṣe fèrèsé fún gbogbo ayé, náílọ̀n ló ta sójú fèrèsé ara rẹ̀. Hàbíbátù ń fẹ́ aláwọ̀ wúrà, ọkọ rẹ̀ ń fẹ́ aláwọ̀ eérú. Ṣàfíù wá kan ègé irin àwọ̀ méjèèjì mọ́ ògiri ìta, ó ní òjò ni kó dá ẹjọ́ náà. Àwọn ará àdúgbò rò pé ààlè ni, kò sẹ́ni tó tún fọwọ́ kan máńgòrò wọn mọ́.

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," Ṣàfíù á wí.

"Ẹ̀sọ̀ yín ti pọ̀ jù, Bàbá Aasiyah. Òjò ti ń rọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Aláwọ̀ wúrà ni mo fẹ́."

"Á ṣá."

"Èmi náà ń ṣá. Ṣé ẹ máa tú èmi náà sọnù ni?"

Ṣàfíù tí àríyànjiyàn kì í sú mú téèpù, ó lọ wọn ojú fèrèsé.

Nígbà tó yá, ó gbé fèrèsé sí gbogbo ilé. Aláwọ̀ eérú ni gbogbo wọn, àfi ti yàrá Hàbíbátù tó ń dán bíi wúrà. Lẹ́yìn náà ó ní kí Akínlẹ́yẹ, káfíńtà ìtòsí wọn, fa páànù òrùlé gùn lórí fèrèsé yẹn nìkan, bí ẹni dé fìlà bojú.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé fèrèsé kan ṣoṣo lòjò ń rọ̀ sí ni?"

"Ṣáà kàn án mọ́ ọn, jàre."

Nígbà tí Hàbíbátù mú bátìrì wá láti yẹ̀ ẹ́ wò, ọkọ rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Má gbé ìyẹn súnmọ́ ọn."

Àìsàn tí kò pẹ́ ló mú Ṣàfíù lọ lásìkò ọyẹ́. Hàbíbátù wà nínú tákàbà, ó ń ṣe opó ọkọ rẹ̀, àwọn tó wá kí i ń sọ ìtàn ọkọ rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú. Akínlẹ́yẹ ní, "Ẹ̀gbọ́n ò lè gbé èyí tó fẹ́lẹ́ sílé ara wọn láé. Wọ́n á ti wá ọgbọ́n mú wúrà yẹn nípọn."

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn Hàbíbátù. Bó bá nípọn, a jẹ́ pé òfin ara rẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé, bó ṣe ń ṣe fún gbogbo èèyàn. Bí kò bá wá nípọn ńkọ́? Ó ní kí Ràbíátù àbúrò rẹ̀ bá òun mú bátìrì àti gílóòbù wá.

Ràbíátù fi wáyà méjèèjì tẹ fèrèsé náà. Gílóòbù tàn.

"Àǹtí mi, ó tàn o. Ṣé kò dáa nìyẹn?"

Hàbíbátù gbójú sókè wo páànù tó nà jáde. Oòrùn ọ̀sán mú ganrínganrín lórí ògiri, ṣùgbọ́n ibòji bo fèrèsé òun láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó dùn mọ́ ọn, ó sì dùn ún.

"Ó mọ̀," ó wí. "Ó mọ̀ pé á ṣá." Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi dà lójú rẹ̀.

Ràbíátù fẹ́ ká wáyà kúrò. Hàbíbátù di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má ì gbé e kúrò," ó ní. "Jẹ́ kó tàn."