Fóònù Bàbá Ìkókó Lápò Mi ní Foshan

N ò ní bo ara mi láṣìírí. Ìwà ìkà ni mo hù lọ́jọ́ náà, ó sì dùn mọ́ mi gan-an kó tó bàjẹ́. Àwa mẹ́ta la jọ wà ní Guangzhou, ní China, tí a lọ rajà: èmi tí mò ń ta táìlì ní Ìkọ̀tún, ọ̀rẹ́ wa kan ní Dopemu tó ń ta iná ara ògiri, àti ọ̀rẹ́ wa kejì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé ní Egan, tó ń ta táàpù àti bẹ́síìnì. Ọjọ́ kejì tí a débẹ̀ ni ìyàwó ará Egan yìí bí obìnrin sílé. Àtìgbà náà la ti ń pè é ní Bàbá Ìkókó, àtìgbà náà ni kò sì ti jẹ́ ká gbádùn. Ọ̀rọ̀ ọmọ la fi ń jí, òun la fi ń sùn.

Ohun tó ń dùn ún ni pé àna rẹ̀ ló sọ ọmọ méjì tó kọ́kọ́ bí lórúkọ. Ilé bàbá ìyàwó ló ń gbé nígbà náà, ẹni tó ń gbé nílé àna kì í sì í lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ní báyìí ó ti gba ilé tirẹ̀ ní Egan, ó sì búra pé orúkọ ìyá òun ni èyí máa jẹ́. Ìyá náà ru omi fún àwọn bíríkìlà títí irun àárín orí rẹ̀ fi re tán, kí ọmọ rẹ̀ lè kọ́ṣẹ́. Ọdún tó ṣáájú ló kú. "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ," bẹ́ẹ̀ ni Bàbá Ìkókó ń wí láràárọ̀ bí ẹni pé òun ló pa òwe náà.

Kò sọ orúkọ yìí fún ìyàwó rẹ̀, nítorí nílé tiwọn, wọn kì í dárúkọ ọmọ kó tó di ọjọ́ ìkómọ. Ìyàwó ò sì lè mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀: ìyàwó ilé kì í pe ìyá ọkọ lórúkọ, Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ ni gbogbo wọn ń pè é. Èmi nìkan ló sọ ọ́ fún, níbi tí a ti ń jẹun. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni ìkómọ nílé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nìyẹn ní China. Wọn á pè é, wọn á fi fóònù sí sípíkà níwájú ààfáà, òun fúnra rẹ̀ á sì dárúkọ.

Ọjọ́ ìkómọ wá bọ́ sí ọjọ́ tí a ti rajà tán. Ará Dopemu ní ká lọ wo Foshan, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe àwọn ọjà tí à ń tà. Kò jìnnà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó débẹ̀ rí nínú wa. Bàbá Ìkókó ní òun ò lọ, òun á jókòó ti fóònù. Mo ní, "Ṣé o so ó mọ́ ògiri ni? Gbé e dání jàre." Ló bá tẹ̀ lé wa.

Bọ́ọ̀sì já wa síbi tí a ò mọ̀. A rìn títí, a ò rí nǹkan kan ju ṣọ́ọ̀bù àwo ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, lọ́tùn-ún lósì. Ará Dopemu tó sanra ń jókòó lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní òun ń dán an wò fún àwọn oníbàárà òun. Ìkẹta dún kà lábẹ́ rẹ̀, la bá sá jáde.

Nígbà tí àsìkò ìrun tó, Bàbá Ìkókó wọ ṣọ́ọ̀bù kan, ó gbé fóònù lé tábìlì, ó fẹ́ ṣe àlùwàlá. Ó ṣí táàpù kan, kò yọ omi. Ó ṣí òmíràn. Táàpù mẹ́sàn-án ló ṣí, ẹni tó ń ta táàpù láti ọjọ́ yìí wá, kò sì rántí pé èyí tí wọ́n pàtẹ kì í ní omi nínú. Ọmọbìnrin tó ń tajà fọwọ́ bo ẹnu. Ibẹ̀ ni mo ti mú fóònù, mo pa ohùn rẹ̀ kó ku gbígbọ̀n nìkan, mo sì jù ú sápò ṣòkòtò mi. Mo ṣẹ́jú sí ará Dopemu. Ká jẹ́ kó làágùn díẹ̀, ká wá dá a padà. Ọdún kẹfà nìyẹn tí èmi àti ìyàwó mi ti ń wojú Ọlọ́run fún ọmọ. Mo jowú rẹ̀, ká má purọ́.

Kò pẹ́ tó fi fọwọ́ kan àpò. Ó padà sí gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí a ti wọ̀. Ó ní ká yá òun ní fóònù ká fi pe tòun. Mo ní owó inú tèmi ti tán, ará Dopemu ní iná ti kú lórí tirẹ̀. Kò sì mọ nọ́ńbà ìyàwó rẹ̀ sórí. Ló bá ń bẹ àwọn tó ń kọjá, ó ń fọwọ́ sétí bí ẹni tó ń fóònù. Ènìyàn dúdú ò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n rò pé ó fẹ́ kí òun àti àwọn jọ ya fọ́tò ni. Ìyá àgbà kan fà á mọ́ra, ọmọ rẹ̀ yà wọ́n, àwọn mìíràn tò sẹ́yìn. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ pa irun rẹ̀, ará Dopemu sì ń bá wọn to ìlà. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀.

Bí aago mẹ́ta ṣe lù, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n mọ́ itan mi. Ó gbọ̀n, ó dákẹ́, ó tún gbọ̀n. Ará Dopemu ní, "Fún un, àbí?" Mo ní, "Aago mẹ́jọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lù nílé. Ìkómọ aago mẹ́sàn-án, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ ṣáájú mẹ́wàá rí? Wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti jẹun ni." Òun náà gbà. Ta ni ò mọ ìkómọ ilé wa? Nígbà yẹn, àwọn tó ń háyà àga ò tíì kó àga dé.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ ni mo tó na fóònù sí i. "Bàbá Ìkókó, gba ẹrù rẹ." Kò bú mi. Ó pè lójú ẹsẹ̀, ó fi sí sípíkà. Ìyàwó rẹ̀ ní àwọn pè é títí. Ààfáà ní ìkómọ mẹ́ta mìíràn lọ́jọ́ náà, aago mẹ́jọ ló dé, kò lè dúró. Bàbá òun ni wọ́n ní kó dárúkọ.

Ó ní kó gbé fóònù fún bàbá. "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ dákun, orúkọ tí mo ní lọ́kàn fún ọmọ yìí..."

Bàbá ò jẹ́ kó parí. "Ìwọ tí o ò gbé fóònù lọ́jọ́ ìkómọ ọmọ rẹ? Ààfáà ti pè é sétí ọmọ, a ti ṣe àmín. Ọmọ ti lórúkọ."

"Ẹ ṣé sà," bẹ́ẹ̀ ló wí, ó sì ń tẹrí ba fún fóònù láàárín títì. Àwọn ará Foshan tún yà á.

Nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ padà, ará Dopemu sùn lọ. Bàbá Ìkókó ń wo àwọn ìpè tó wà lójú fóònù. Ó bi mí pé, "Ó ń gbọ̀n lápò rẹ, o sì ń mọ̀ ọ́n lára?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní mo rò pé wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni.

Ó ní, "O ò bá kàn gbé e. O mọ orúkọ ìyá mi."

Ọmọ náà ti dàgbà báyìí. Tó bá pàdé mi ní Ìgándò, á kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Mo máa ń dáhùn, ṣùgbọ́n n kì í pè é lórúkọ, nítorí èyí tó máa ń wá sí mi lẹ́nu kọ́ ni wọ́n ń pè é.