Omi Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Oníwọ̀n kì í ṣe dókítà, kò sì fìgbà kan pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó wọn èèyàn kí wọ́n tó wọ yàrá ooru, kí ó jókòó tì wọ́n níbẹ̀ fún wákàtí kan àtààbọ̀, kí ó sì tún wọ̀n wọ́n bí wọ́n bá jáde. Ohun tó bá dín nínú ìwọ̀n wọn, òógùn ni. Ọ̀rọ̀ náà ò le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọdún mọ́kànlá ló sì fi ṣe é láìsí ẹni tó ká nǹkankan mọ́ ọn lọ́wọ́. Tí ẹ bá rí i bí ó ṣe ń fi aṣọ funfun nu ojú ìwọ̀n yẹn láràárọ̀, ẹ ó rò pé ọmọ tuntun ló ń wẹ̀ fún.

Yàrá ooru náà ò tóbi. Ògiri rẹ̀ funfun, kò ní fèrèsé, àfi gíláàsì kékeré kan lára ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ kan wà lókè tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná jáde, débi pé tí èèyàn bá kọ́kọ́ wọlé, imú á fẹ́ kọ̀ láti mí. Wọ́n á lẹ wáyà tín-ín-rín mọ́ àyà àti apá ẹni tó jókòó, kọ̀ǹpútà tó wà ní yàrá kejì á sì máa sọ bí ara náà ṣe ń gbóná sí àti bí ọkàn ṣe ń lù sí. Ìdí kọ̀ǹpútà yẹn ni Dókítà máa ń jókòó sí. Obìnrin ni, ó fi bí ọdún mẹ́wàá kéré sí Oníwọ̀n, ó sì máa ń pè é ní ẹ̀gbọ́n.

Ohun tí Dókítà ń wádìí ni bí ara àwọn àgbà ṣe ń gba ooru, bóyá ó yàtọ̀ sí tàwọn ọ̀dọ́. Ó wá ọ̀dọ́ ogún, ó wá àgbà ogún. Òfin kan ló fi lélẹ̀: ẹni tó bá wà nínú yàrá náà ò gbọ́dọ̀ mu omi. Ẹni tí kò bá lè fara dà á mọ́, kí ó na ọwọ́ sókè, wọ́n á ṣílẹ̀kùn fún un, wọ́n á fún un lómi, wọ́n á sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, kò sí ìbínú. Oníwọ̀n nìkan ló ní ìgò omi lọ́wọ́, torí ojoojúmọ́ ni òun ń wọ inú ooru yẹn. Dókítà fúnra rẹ̀ ló fi dandan lé e pé kí ó máa mu ún.

Àwọn ọ̀dọ́ kọ́kọ́ ṣe tiwọn, kò sí wàhálà. Wọ́n jókòó, wọ́n làágùn, wọ́n ráhùn, wọ́n lọ. Ìgbà tó kan àwọn àgbà ni nǹkan bàjẹ́.

Ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn jẹ́ tísà tó ti fẹ̀yìntì, ìyá ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, tó jókòó gbọnrangandan bí ẹni pé kíláàsì wà níwájú rẹ̀. Nígbà tó di ìṣẹ́jú ogójì, Oníwọ̀n gbé ìgò sẹ́nu. Bó ṣe sọ̀ ọ́ kalẹ̀ báyìí, ojú òun àti ti ìyá náà ṣe mẹ́rin.

“Ọmọ mi,” ni ìyá náà wí, “ṣé èmi ò ní mu níbẹ̀ ni?”

“Tí òùngbẹ bá ń gbẹ yín, mà, ẹ jẹ́ kí n ṣílẹ̀kùn.”

“Má ṣílẹ̀kùn o! Kí wọ́n wá sọ pé mi ò lè jókòó lásán? Èmi tí mo fi ogójì ọdún dúró níwájú pátákó! Ṣáà bu díẹ̀ fún mi. Ta ló máa gbọ́?”

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́. Ilé tí wọ́n ti tọ́ ọkùnrin yìí, ọmọdé ní í gbé omi fún àgbà kí àgbà tó béèrè. Kí ó wá jókòó, kí ó máa mumi lójú ẹni tó tó ìyá rẹ̀ í bí, kí ìyẹn máa gbé itọ́ mì? Ojú tì í gan-an ni. Ó yíra padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè dí gíláàsì ara ilẹ̀kùn, ó bu omi sínú ọmọrí ìgò, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyá náà. Kò kọ ọ́ sínú ìwé, torí tó bá kọ ọ́, wọ́n á yọ ìyá náà kúrò. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọmọrí ìgò kan péré, kí ni yóò ṣe?

Ìyá náà tún béèrè, ó sì tún bù ú fún un, títí ìgò náà fi tán. Nígbà tó kan télọ̀ arúgbó tó tẹ̀ lé e, ìyẹn ò tilẹ̀ béèrè rárá. Ńṣe ló na ọwọ́ síwájú, ó ṣẹ́jú, ó ní, “Tísà ti sọ fún mi.” Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ti ẹnu dé ẹnu lórí bẹ́ǹṣì ìta nìyẹn. Kò pẹ́ tí Oníwọ̀n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìgò ńlá wọlé. Dókítà tilẹ̀ yìn ín pé ó ti wá ń tọ́jú ara rẹ̀ dáadáa.

Ìyá tó bí Oníwọ̀n ló kẹ́yìn gbogbo wọn. Oníwọ̀n fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ pé kó wá, torí ẹnì kan ló kù kí wọ́n pé ogún. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí Dókítà gbọ́ pé ìyá ẹ̀gbọ́n ló wà nínú yàrá, ó dìde nídìí kọ̀ǹpútà, ó wá dúró sídìí gíláàsì, ó ń juwọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́.

“Wọ́n ní o máa ń bu omi fún èèyàn,” ni ìyá rẹ̀ wí nígbà tó yá, ètè rẹ̀ ti gbẹ.

“Ẹ ní sùúrù, màámi. Wọ́n ń wò wá.”

Ìyá náà wo gíláàsì, ó wo ọmọ rẹ̀, kò sì béèrè mọ́. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ìwọ̀n, ògiri ló fọwọ́ tì rìn. Ó mu ife omi mẹ́ta láìsinmi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Dókítà, ó sì bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nǹkan mìíràn títí wọ́n fi délé. Kò mẹ́nu ba omi rárá. Oníwọ̀n ì bá fẹ́ kí ó bú òun.

Ìwé pé. Àwọn ọ̀dọ́ pàdánù bíi kílò kan lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbà ò pàdánù tó ìdajì kílò, àfi ẹnì kan tí tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tàwọn ọ̀dọ́ dọ́gba.

“Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣe ti màámi?” ni Dókítà béèrè. “Òun nìkan ló yàtọ̀.”

Àǹfààní nìyẹn, ó wà níwájú rẹ̀ kedere. Oníwọ̀n la ẹnu, ohun tó sì jáde ni: “Ó ṣeé ṣe kí n ṣi nọ́ńbà kà lọ́jọ́ yẹn, mà.”

Dókítà fa ìlà sórí nọ́ńbà náà. Nọ́ńbà òtítọ́ kan ṣoṣo tó wà lójú ìwé àwọn àgbà nìyẹn, ọmọ ẹni tó ni ín ló sì fẹnu ara rẹ̀ pè é ní àṣìṣe. Láti ọjọ́ náà, kò lè jókòó jẹun níwájú ìyá rẹ̀ kí oúnjẹ náà lọ dáadáa. Ó ń ṣe é bíi kí ó sá fún ara rẹ̀, ta ló sì lè sá fún ara rẹ̀?

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, bóyá yóò ti gbé e mì. Àmọ́ ní ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tó ku oṣù kan kí àsìkò ooru wọlé, Dókítà fi ayọ̀ gbé ìwé pélébé kan fún un pé kí ó ṣe ẹ̀dà igba. Àwọn ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú arúgbó ló béèrè fún un, lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n sì máa wá kó o, kí wọ́n lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Oníwọ̀n gbé e dé ìdí ẹ̀rọ, ó gbé e lé e, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí ìlà kẹta: “Àwọn àgbà kì í pàdánù omi púpọ̀ nínú ooru. Ẹ má ṣe yọ wọ́n lẹ́nu pẹ̀lú omi tí wọn kò béèrè.”

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ro àwọn tí kò lè dá ife gbé, tí wọn kì í béèrè nǹkan torí wọn ò fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ó ro obìnrin kan tó ń tọ́jú wọn, tó wo ògiri, tó ka ìlà kẹta, tó sì gbé jọ́ọ̀gì omi padà sí ibi tó wà. Omi tí òun fún ogún èèyàn ó dín kan nítorí ìtìjú, òun ni wọ́n máa torí rẹ̀ fi omi du àwọn tí kò sí ẹni tí ojú máa tì nítorí wọn. Ó mú ìwé náà kúrò lórí ẹ̀rọ.

“Dókítà, mi ò lè ṣe ẹ̀dà yìí.”

“Ṣé ẹ̀rọ ti bàjẹ́ ni?”

“Rárá, mà. Èmi ni.”

Ó sọ ọ́. Kò sọ ọ́ dáadáa. Ó bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò ha etí tábìlì, ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Dókítà ò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

“Mélòó nínú wọn?”

“Gbogbo wọn, mà. Ó ku...”

“Ife mélòó lẹ́nì kọ̀ọ̀kan?”

“Mi ò kà á.”

“Iṣẹ́ ọdún méjì, ẹ̀gbọ́n,” ni Dókítà wí, jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ó fa fóònù mọ́ra. Ó ní tí àwọn àgbà bá rántí iye tí wọ́n mu, bóyá àwọn á lè rí nǹkan gbé dìde nínú iṣẹ́ náà. Ó tẹ nọ́ńbà tísà, ó sì yí ohùn fóònù sókè kí àwọn méjèèjì lè máa gbọ́.

“Omi kẹ̀?” ni tísà wí. “Omi wo? Ọmọ yẹn ò fún mi ní nǹkankan. Òùngbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí níbẹ̀. Ẹ má fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ o!”

Télọ̀ ní àfi omi ojú nìkan ni òun rí níbẹ̀, ọkùnrin yẹn le bí òkúta. Awakọ̀ arúgbó kan ní òun tilẹ̀ bẹ Oníwọ̀n, ó sì kọ̀ jálẹ̀. Oníwọ̀n ò lè mú un mọ́ra, ó tẹ̀ síwájú.

“Bàbá, èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún wọn.”

Awakọ̀ náà rẹ ohùn sílẹ̀. “Ṣé wọ́n dúró tì ẹ́ ni? Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi. Gbogbo wa la wà lẹ́yìn ẹ.”

Èèyàn mẹ́fà ni wọ́n pè. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bò ó láṣìírí, ìfẹ́ wọn sì ń jó o lójú ju èébú lọ. Dókítà gbé bírò sílẹ̀.

“Àgbà mẹ́fà ti jẹ́rìí pé ẹ ò fún ẹnikẹ́ni lómi. Tí mo bá fẹ́, mo lè gba tiwọn gbọ́, kí ìwé yẹn sì jáde lọ́jọ́ Ajé.”

“Ẹ má gbà wọ́n gbọ́, mà. Nítorí tèmi ni wọ́n ṣe ń purọ́.”

“Ẹ̀yin tí ẹ purọ́ sínú ìwé mi láti ọjọ́ yìí ni kí n gbà gbọ́?”

Dókítà tún wo ojú ìwé náà, ó sún ìka lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, síbi tí ìlà kan dábùú nọ́ńbà kan, ó sì pe ẹni tó ni ín. Oníwọ̀n na ọwọ́ láti dá a dúró, ìyá rẹ̀ sì ti gbé e.

“Ẹ káàsán, màámi,” ni Dókítà wí. “Ọ̀rọ̀ omi tí ọmọ yín ń fún àwọn èèyàn nínú yàrá ooru ni. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé...”

“Ó fún mi o!” Ohùn ìyá náà kún gbogbo yàrá. “Ta ló sọ pé kò fún mi? Ó fún mi, mo mu ún yó. Ṣé ọmọ mi lè máa fún ará ìta lómi, kí ó wá fi èmi sílẹ̀? Irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ọn, Dókítà. Ọmọ mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.”

Dókítà gbójú sókè. Oníwọ̀n rí i pé ó ti yé e pé màámi nìkan ni kò mu, rírí yẹn ló sì nira jù fún un nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà.

“Màámi,” ni ó wí sínú fóònù, “ẹ ò mu omi kankan. Ẹ̀yin nìkan ni mi ò fún.”

Ohùn ìyá rẹ̀ lọ sílẹ̀, bí ẹni tó wà láàárín àlejò.

“Ṣé dandan ni kí o sọ ọ́ létí àwọn èèyàn ni?”

“Dandan ni, mà.”

“Ó dáa,” ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Dókítà ti ìwé pélébé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ṣí ojú ìwé tuntun. Ó kọ ìwọ̀n ìyá náà sí òkè rẹ̀, bó ṣe wọlé àti bó ṣe jáde, ó sì yí ìwé náà sọ́dọ̀ Oníwọ̀n kí ó wò ó bóyá ó pé. Ó pé. Oníwọ̀n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, láìgbé e sókè.