Ọsàn Tí Mo Bá Ìyàwó Mi Tọ́ Wò

Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ ìyàwó mi dàgbà ní Ìjẹ̀bú, ẹni tó bá gbé oúnjẹ wá kí aláìsàn kì í padà lọ láìjẹ́ pé aláìsàn náà tọ́ ọ wò lójú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e sí kọ̀rọ̀ láìfẹnu kàn án, ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n fura sí ẹni tó mú un wá. Ẹ̀kọ́ ilé yìí ló bá a wọ Warri nígbà tí mo gbé e níyàwó tí a sì ṣí ṣọ́ọ̀bù ìwé wa. Òun náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba kíndìnrín tuntun mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ẹ̀rọ ní ilé ìwòsàn ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń ta aṣọ ní Enerhen, ní òun yóò fún un ní ọ̀kan nínú tòun, àyẹ̀wò sì fi hàn pé ara àwọn méjèèjì bára mu. A rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n dókítà, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan tí kì í gbóhùn sókè, jẹ́ kó yé wa pé ara tí yóò gba kíndìnrín dà bí ilẹ̀ oko: a ó kọ́kọ́ ro ó kí a tó gbin nǹkan sí i. Kò gbọdọ̀ pa ọjọ́ ẹ̀rọ jẹ. Kí ó máa rìn láràárọ̀, kí ó tọ́jú eyín tó ń dùn ún, kí àrùn má baà fi ibẹ̀ ṣe ibùba, kí ó jìnnà sí àgbo, kí ó sì dín omi àti iyọ̀ kù. Ó ní kí ó fi ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti omi àgbọn sílẹ̀ pátápátá, nítorí èròjà kan wà nínú wọn tí kíndìnrín tó dá ṣáṣá máa ń sẹ́ dànù. Bí èròjà náà kò bá ríbi jáde, tó wá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè dá ọkàn dúró lójijì.

Ìyàwó mi gbọ́ràn. Ó yọ eyín náà. Láràárọ̀ ni ó ń ti ilé wa ní Ekurede-Urhobo rìn lọ sí apá Okere, agbòòrùn lọ́wọ́. Síbẹ̀, nígbà tí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ń sún mọ́lé, dókítà wo èsì àyẹ̀wò rẹ̀, ó mirí.

“Mama, bí ẹ̀jẹ̀ yín bá wà báyìí, mi ò ní gbé yín wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. A óò dá ọjọ́ náà dúró ni.”

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà sílé, àbúrò rẹ̀ yíjú sí i.

“Àǹtí mi, kí lẹ jẹ?”

“Mi ò jẹ nǹkan kan.”

“Ẹ ò jẹ, àmọ́ ẹ tọ́ ọ wò. Mo rí yín lọ́jọ́ Àìkú. Gbogbo ìjọ ló gbé ọsàn wá.”

“Ẹ̀là kan péré ni mo mú lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan.”

“Ẹ̀là kan lọ́wọ́ gbogbo Warri, ṣé ìyẹn ò tíì kún agbọ̀n? Èmi ń gbé kíndìnrín bọ̀, ẹ̀yin ń fi ọsàn lé e lọ.”

“Ṣé kí n wá máa wo ojú ènìyàn kí n ní mi ò fẹ́ ohun tó gbé wá? Ìyá wa ò kọ́ wa bẹ́ẹ̀.”

“Ìyá wa ò mọ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀.”

Mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí bí àwọn ìlú ṣe ń ṣòfin. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé òfin tó bá ti wọ ènìyàn lára láti kékeré, àṣẹ kì í pa á rẹ́. Aṣojú ni a máa ń wá fún un.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo gbé àga mi sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ ní pálọ̀. Obìnrin kan tó ń ta ẹja ní ọjà Ogbe-Ijoh, ọ̀rẹ́ ìyàwó mi tipẹ́, ni ó kọ́kọ́ dé. Ó ti bó ọsàn rẹ̀ tán. Èmi ni mo nawọ́ gbà á.

“Papa, no be you dey sick,” ni ó wí.

Mo dá a lóhùn ní Pidgin, èdè tí Warri fi sí mi lẹ́nu: “Me and am na one body. Doctor don lock her mouth, so na my own she dey use.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Oya, Papa, chop am well.”

Mo mu ọsàn náà tán lójú rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìwà àgbà tí mo ní. Ìyàwó mi dúpẹ́ lórúkọ àwa méjèèjì, ojú rẹ̀ sì rọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tó wọlé tí n kò tọ́ wò: ọ̀gẹ̀dẹ̀, omi àgbọn, ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Àwọn kan tilẹ̀ ń wá kìkì láti fojú rí baba tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jẹun ìkíni.

“Bàbá àwọn ọmọ, ẹ rọra,” ni ìyàwó mi wí fún mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń tú ìgbànú mi. “Kí wọ́n má baà tún máa wá kíndìnrín fún ẹ̀yin náà.”

Mo rò pé ẹlẹ́ja náà kíyè sí ikùn mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó dé lọ́wọ́ òfo, ní àkókò tí ìyàwó mi máa ń rìn. “I no carry orange today,” ni ó wí. “Na leg I carry come.” Àwọn méjèèjì jọ jáde lọ. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin ìjọ náà fi ń gbé ẹsẹ̀ wá dípò ọsàn, ikùn mi sì sinmi.

Nígbà tí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, dókítà kò mirí mọ́. Wọn kò dá ọjọ́ náà dúró. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, dókítà gbé àpò rọ́bà tí ìtọ̀ ìyàwó mi ń dà sí sókè kí n lè rí i, bí ẹni ń fi ọmọ tuntun han bàbá rẹ̀. Kíndìnrín àbúrò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lára ẹ̀gbọ́n. Lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, àbúrò náà la ojú, ó béèrè bóyá ẹ̀gbọ́n òun ti tọ́ nǹkan kan wò.

Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni ìyàwó mi ń lo oògùn rẹ̀ báyìí. Kì í jẹ́ kí ọ̀kan fò ó, nítorí ara kì í tètè gbàgbé pé àlejò ni ó gbà sílé. Ní oṣù tó kọjá, dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní ó lè máa mu ọsàn díẹ̀. Ẹlẹ́ja wa gbé ọ̀kan wá. Ìyàwó mi ya ẹ̀là kan, ó mu ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lójú rẹ̀, ó sì dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó na ìyókù sí mi.

Mo sọ fún un pé mo ti fẹ̀yìntì.