Ẹni Tó Kọ Ilà Ojú Òṣèré Náà

Bàbá tó ni ilé tí a háyà ní Ọ̀yọ́ dìde lórí àga, ó rìn lọ síwájú tẹlifíṣọ̀n ìyá mi, ó sì fi àtàǹpàkò kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ òṣèré tó ń sunkún nínú rẹ̀.

"Ọwọ́ mi rèé," ló wí. "Èmi ni mo kọ ilà yìí. Wàláì, èmi ni."

Onígbàjámọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi fọ́n jáde lẹ́nu rẹ̀. "Bàbá, tìróò ni wọ́n fi fà á o! Bí wọ́n bá ti ṣe fíìmù tán, wọ́n á bu omi, wọ́n á fọ̀ ọ́ dànù."

"Tìróò bàbá tìẹ!" ni Bàbá dá a lóhùn. Kò gbé àtàǹpàkò kúrò.

Ọ̀sán Sátidé kan ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, èmi ni mo sì máa ń ki sídì bọ ẹ̀rọ. Òṣèré tí mò ń wí yìí ni gbogbo àdúgbò fẹ́ràn jù nígbà náà: ọkùnrin gíga, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, àbàjà mẹ́ta dùbúlẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Bàbá náà ní àbàjà mẹ́ta tirẹ̀. Olóólà ni. Kó tó di pé àwọn ìyá dẹ́kun gbígbé ọmọ wá, òun ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí kó wá fi abẹ kọ ilà sójú ọmọ tuntun, nínú ìlú àti ní àwọn abà tó yí i ká. Nígbà tí mo mọ̀ ọ́n, ó ti gbé abẹ sílẹ̀. Sísọ́ọ̀sì àwọn aránṣọ ló ń bá wọn pọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìró òkúta rẹ̀ ló máa ń jí mi láàárọ̀, lẹ́yìn tó bá ti kírun àsùbáà tán: ṣìn-ìn, ṣìn-ìn, á dúró, á fi èékánná yẹ ẹnu irin wò, á tún bẹ̀rẹ̀. Òórùn epo máṣíìnì kì í kúrò lára aṣọ rẹ̀, àfi aṣọ Jímọ́ọ̀ nìkan.

Kò sí fíìmù òṣèré náà tí Bàbá kò ní ọ̀rọ̀ sọ sí. Á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, á kí ìyá mi, "Ẹ kú ìsinmi o, Tíṣà," á sì gba àga tó súnmọ́ tẹlifíṣọ̀n jù. Bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, òun náà á bẹ̀rẹ̀.

Èyí tí ọkùnrin náà ti ṣe ọba kò dùn mọ́ Bàbá rárá. "Ó pariwo jù. Ọba kì í pariwo. Àwọn tó yí i ká ló ń bá a pariwo." Èyí tó ti ṣe àgbẹ̀ tí àbúrò rẹ̀ gba ilẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, a wò ó títí sídì fi bẹ̀rẹ̀ sí í há. "Ẹ wo bó ṣe di ọkọ́ mú," ni Bàbá máa ń wí. "Kò fún un pa. Ẹni tí kò roko rí á fún un bí ẹni tó di ọrùn adìyẹ mú." Ní ti èyí tó ti ní ìyàwó méjì, ó ní ìyàwó kékeré ló gba eré náà lọ́wọ́ rẹ̀, "ọmọ mi kàn dúró bí òpó." Ọmọ mi ló máa ń pè é. Bí ọ̀dàlẹ̀ bá ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tòun ti àdá, Bàbá á figbe ta: "Wẹ̀yìn! Ìwọ ọmọ yìí, wẹ̀yìn!"

Ìyá mi á ní, "Bàbá, kò lè gbọ́ yín."

"Mo mọ̀, Tíṣà. Ẹ ṣáà jẹ́ n pariwo."

Èyí tí ìyàwó rẹ̀ kú nínú rẹ̀ la ń wò lọ́jọ́ tí Bàbá dìde lọ fọwọ́ kan tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí onígbàjámọ̀ kò dẹ́kun ẹ̀rín, Bàbá yíjú sí mi.

"Ìwọ ọmọ Tíṣà, tí ojú rẹ ń ríran. Dá a padà sẹ́yìn. Dá a dúró níbi tí omi ojú ti ń bọ́. Kí lo rí?"

"Omi ojú ń ṣàn, Bàbá."

"Ó ń ṣàn gba ibo?"

Mo súnmọ́ ọn. Omi náà kò sọ̀kalẹ̀ tààrà. Bó ṣe dé orí ilà àkọ́kọ́, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tọ ojú ilà náà lọ díẹ̀, kó tó já bọ́ sórí èkejì. Mo sọ ohun tí mo rí.

"Ṣé ẹ gbọ́?" Bàbá ní. "Tìróò kì í darí omi. Kòtò ló ń darí omi. Ẹ tún wo ilà kẹta yẹn lósì. Ìdí rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ bí ìrù ewúrẹ́. Àṣìṣe ọwọ́ mi nìyẹn. Ibi tí mo bá rí i láyé ni màá ti mọ̀ ọ́n."

Mo bi í bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ṣe àṣìṣe. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ níwájú onígbàjámọ̀.

Kò pẹ́ púpọ̀ sígbà náà tí onígbàjámọ̀ gbé fíìmù tuntun kan wọlé. Kò tiẹ̀ lè jókòó. Òṣèré wa ló ṣe dókítà nínú rẹ̀, ó wọ kóòtù funfun, ojú rẹ̀ sì dán bí ẹyin. Kò sí ilà kan ṣoṣo níbẹ̀.

"Àbàjà dà, Bàbá? Àbí ó ti rìnrìn àjò ni?"

Àwọn tó bá a wá rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Bàbá wo fíìmù náà dópin. Nígbà tó parí, ó wọ bàtà rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi, ó lọ. Sátidé mẹ́ta tẹ̀ léra, àga rẹ̀ ṣófo. Bó bá ń gba ojú títì kọjá, àwọn ọmọdé á máa pè é láti ẹ̀yìn ògiri: "Bàbá Tìróò!" Á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Mo pe ìyá mi lórí fóònù kí n tó kọ ìtàn yìí, nítorí mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo rántí rẹ̀ dáadáa. "O rántí," ó ní. "Ṣùgbọ́n o kéré, kò lè yé ọ. Ọkùnrin náà ti gbé abẹ sílẹ̀. Kò kọ́ ilé fún ẹlòmíràn, kò ya àwòrán sílẹ̀. Ojú àwọn èèyàn nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ẹ wá ń sọ fún un pé ojú tí gbogbo ayé mọ̀ jù, kì í ṣe tirẹ̀."

Lẹ́yìn Sátidé mẹ́ta yẹn, ìyá mi ló mú ìròyìn kan wá. Olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ sọ fún un pé àwọn onífíìmù ti dé sí Ìrẹsà nítòsí ibẹ̀, òṣèré wa sì wà láàárín wọn. Ìyá mi lọ bá Bàbá nídìí òkúta rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ bi í."

Ṣìn-ìn, ṣìn-ìn. "Bó bá ní èmi kọ́ ńkọ́?"

"Ẹ ó ti mọ̀ nìyẹn."

Ó pọ́n sísọ́ọ̀sì náà tán kó tó dáhùn. "Ọmọ yẹn á tẹ̀ lé wa. Òun ló mọ bí omi ṣe ń ṣàn."

A gbéra lówùúrọ̀ Sátidé. Bàbá wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun tó fi ń lọ kírun Jímọ́ọ̀. Nígbà tí a wọ ọkọ̀ mìíràn ní Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, awakọ̀ gbọ́ ibi tí à ń lọ, ó sì fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀: "Àgbà, ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ ṣe fíìmù ni?"

"Wọ́n ti ń wo iṣẹ́ mi nínú rẹ̀ tipẹ́," Bàbá ní.

Abẹ́ igi máńgòrò la ti bá òṣèré náà ní Ìrẹsà, lórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó ń jẹ àgbàdo sísun. Mo rò pé yóò tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá mi ṣàlàyé ohun tí a bá wá. Ọkùnrin náà dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyanrìn fún Bàbá, ó sì tún jókòó sórí odó kí ojú rẹ̀ lè wà níbi tí ọwọ́ àgbà ti lè tó o.

"Jẹ́ n fọwọ́ kàn án, ọmọ mi."

Àtàǹpàkò Bàbá tọ ilà àkọ́kọ́ lọ, ó tọ èkejì. Mò ń gbọ́ mímí rẹ̀. Nígbà tó dé ìdí ilà kẹta lósì, ó dúró.

"Ṣé ìyá rẹ wà láyé?"

"Wọ́n wà, Bàbá."

"Ṣé ó sọ ìdí tí eléyìí fi tẹ̀ fún ọ?"

Òṣèré náà ní, "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́, Bàbá."

"Òun ló gbé ọ lé ẹsẹ̀. Mo ní kó gbé ọ fún ẹlòmíràn, kó bọ́ síta, kò gbà. Igbe tirẹ̀ pọ̀ ju tìrẹ lọ. Omi ojú rẹ̀ kán sí mi lọ́wọ́, abẹ sì yọ̀."

Ọkùnrin náà gbé àgbàdo sílẹ̀. "Bí màmá mi ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn."

Ìyá mi pàtẹ́wọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín, n kò rí gbogbo eyín rẹ̀ rí àfi ọjọ́ náà. "Ẹ bá mi pe onígbàjámọ̀! Ẹ bá mi pè é wá síbí!" Ó wá bi òṣèré náà, bí ẹni tó ń bá ọmọ rẹ̀ ṣeré, "Kí ló dé tí wọ́n fi bò ó nínú èyí tí o ti ṣe dókítà?"

"Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi pọ́dà dí i."

"Kí ló dé?"

"Mo fẹ́ mọ bí mo ṣe máa rí ká ní ẹ ò kọ mí." Ohùn rẹ̀ kò le, ohùn inú fíìmù kọ́. "Ojú Fọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè mí níléèwé, Bàbá. Àwọn tíṣà mi gan-an ń pè mí bẹ́ẹ̀. Bàbá ọmọge tí mo kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́ ní òun ò lè fi ọmọ fún ẹni tí ológbò ha lójú. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi pọ́dà dí i, mo jókòó síwájú dígí, n kò fẹ́ dìde. Ó pẹ́ tí mo ti ń ro ohun tí màá bá ẹni tó kọ ọ́ sọ bí mo bá rí i. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó dáa."

Ẹ̀rín kúrò lójú Bàbá. Ìyá mi fẹ́ gbà á sílẹ̀, ó ní, "Àṣà ìgbà náà ni, ẹ má..." Bàbá gbọ́wọ́ sókè sí i.

"Wọn ò bi ọ́ kí n tó fi abẹ kàn ọ́," ó sọ fún òṣèré náà. "Ìwọ lò ń jẹ̀yà rẹ̀, èmi sì ń fi ọ́ yangàn kiri àdúgbò. Forí jì mí."

N kò tíì gbọ́ kí ẹni tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ bẹ ẹni tó kéré sí i rí. Òṣèré náà pàápàá kò mọ ibi tí yóò kọjú sí.

"Ojú yìí náà ló ń bọ́ mi báyìí, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bẹ̀ ọ́ fún."

Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn aká pé oòrùn ń lọ, kí òṣèré máa bọ̀. Ó dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò ní orúnkún rẹ̀. "Mo forí jì yín," ó ní. "Àmọ́ ẹ má sọ fún mi pé ó dára."

"N kò ní sọ bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí a padà dé Ọ̀yọ́, onígbàjámọ̀ ti dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà, abẹ ìfárí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá, ẹ kú àbọ̀ o! Tìróò ni àbí tìróò kọ́?"

"Ilà ni," Bàbá ní. "Ó sì dun ọmọ mi."

Ó wọlé. Onígbàjámọ̀ wo ìyá mi, ó wò mí, ó sì padà sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Bàbá padà sórí àga rẹ̀ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Ó ṣì ń pariwo "Wẹ̀yìn!", ó ṣì ń sọ pé eré kan dùn, òmíràn kò dùn. Ó tiẹ̀ ní kí n tún fi fíìmù dókítà yẹn sí i, ó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ní nínú gbogbo èyí tí ọkùnrin náà ti ṣe, eléyìí ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Kò dìde lọ fọwọ́ kan tẹlifíṣọ̀n mọ́.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, tọkọtaya kan gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ wá, wọ́n ní ilà ìdílé àwọn kò gbọdọ̀ parun. Bàbá ṣí aṣọ lójú ọmọ náà, ó wò ó. "Ẹ ti bi í?"

"Bàbá, ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ?"

"Ẹ dúró dìgbà tó bá lè dáhùn." Ìbínú ni wọ́n bá lọ.

Bàbá ti kú báyìí. Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe, ó sì pẹ́ kí n tó mọ ibi tí mo ti kọ́ apá kan nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá mú mi lọ wo iṣẹ́, tí ẹni tó ṣe é dúró tì í tó ń yangàn, mo máa ń gbọ́ ọ, mo sì máa ń kọ ohun tó sọ, nítorí mo mọ bó ti ń dun èèyàn tí wọ́n bá ní iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, n óò wá ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà sí lára. Kì í fìgbà gbogbo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo máa ń dúró.

Láìpẹ́ yìí, mo lọ sí ọ́fíìsì ètò ìlera kan ní Ọ̀yọ́ nítorí ọ̀rọ̀ ilà kíkọ. Obìnrin tó ń bójú tó o ní òfin ti ka ilà kíkọ sójú ọmọdé léèwọ̀, àwọn nọ́ọ̀sì yóò máa tún un sọ fún àwọn ìyá lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, àwọn yóò sì pe àwọn olóólà tó kù jọ kí wọ́n wá fọwọ́ sí i pé àwọn ti gbé abẹ sílẹ̀. Mo bi í bóyá wọ́n pe ẹnikẹ́ni tó ní ilà lójú sí ìpàdé náà.

Ó wo ìwé ètò ìpàdé náà tó wà níwájú rẹ̀. "A ò tíì ro ìyẹn," ó ní.

Ó fa ìwé náà mọ́ra, ó mú bírò, ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀. Ó ní àwọn tó ní ilà lójú ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àwọn olóólà yóò sì jókòó gbọ́.