Ọpẹ́ Ìyá Ọkọ Mi

Àkọ́bí mi kú ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí Kérésìmesì, nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Obìnrin ni. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Èmi fúnra mi kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà náà, àwọn òyìnbó ṣì ń ṣèjọba lé wa lórí, irà sì pọ̀ ju ilé lọ ní Bàrígà.

Etí ọ̀sà gan-an là ń gbé, nínú ilé pákó kan tí wọ́n fi òpó gbé sókè díẹ̀ kí omi má bàa wọlé lásìkò òjò. Èmi, ọkọ mi àti ìyá rẹ̀ la wà níbẹ̀. Láti etí òkun níhà Oǹdó ni gbogbo wa ti wá. Ọkọ mi ń pẹja. Èmi àti ìyá rẹ̀ ń yan ẹja náà, a ó sì gbé e kiri Ṣómólú títí dé Onípánù. Èéfín kì í kúrò lára aṣọ wa. Bí a bá dé ìhà Palmgrove, àwọn ìyàwó akọ̀wé á ti gbóòórùn wa kí a tó la ẹnu polówó.

Obìnrin gíga ni ìyá ọkọ mi, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ mẹ́fà ló bí, mẹ́ta ló kù fún un. Òun ló gbẹ̀bí mi, òun ló ń wẹ ọmọ náà láràárọ̀, tó ń nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, tó ń kì í bí ẹni tí kò ní iṣẹ́ mìíràn láyé. N kò lè sọ pé kò fẹ́ràn ọmọ mi. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà korò gan-an nìyẹn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ara ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Kò gba ọmú. Ọkọ mi kò sí nílé. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti tukọ̀ lọ síhà Ẹ̀pẹ́ láti ọjọ́ kẹta, wọn kò sì tíì dé. Mo gbé ọmọ lọ bá ìyá ọkọ mi níbi ààrò.

“Ìyá, ara ọmọ yìí ń jó o. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ ọsibítù.”

Ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé ọmọ náà láyà. “Ọsibítù kẹ̀? Ibà ọmọ tuntun ni. Ìyàwó, mẹ́fà ni mo bí. Ibà yìí náà ló mú ọkọ rẹ, mo sì wò ó. Jẹ́ ká fún un lágbo. Tó bá di àárọ̀ tí kò rọlẹ̀, a ó gbé e lọ.”

Ta ni èmi tí n ó bá ìyá ọkọ mi jiyàn? Mo gbà. A fún un lágbo, a fi omi nù ún lára, ìyá gbé e sẹ́sẹ̀, ó ń gbàdúrà sí i létí. Bí ojúmọ́ ṣe ń mọ́, gìrì mú un.

A kò dúró wọ bàtà. A sáré gba orí pákó tí wọ́n tẹ́ sórí irà, a la àárín Bàrígà kọjá, a sì jáde sí ojú títì Ìkòròdú ní Onípánù. A dúró níbẹ̀, à ń na ọwọ́ sí gbogbo ọkọ̀ tó ń lọ sí Èkó. Àwọn bọ́lẹ̀kájà tó kún fọ́fọ́ ń kọjá lára wa. Nígbà tí ọ̀kan dúró níkẹyìn, ọmọkọ̀ bẹ́ sílẹ̀ láti fà wá wọlé. Ó wo inú aṣọ tí mo fi we ọmọ. Ó ṣí fìlà rẹ̀.

“Ìyá,” ìyá ọkọ mi ló ń bá sọ̀rọ̀, “ẹ má wulẹ̀ wọlé mọ́. Ẹ máa gbé e padà sílé. Ẹ pẹ̀lẹ́.”

N kò gbà á gbọ́. Mo ń gbọn ọmọ. Ìyá ọkọ mi gbà á lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́, ó pọ̀n ọ́n, ó sì fi ọ̀já dè é dáadáa títí dé ọrùn, bí ìgbà tí ọmọ bá sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa dá wa dúró bi wá léèrè lọ́nà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe rìn padà. Àwọn èèyàn ń kí wa ẹ káàárọ̀, ìyá sì ń dá wọn lóhùn.

Àwọn ọkùnrin méjì láti ìjọ wa ló wá gbé e lọ sin kí ọ̀sán tó pọ́n. Wọn kò jẹ́ kí n tẹ̀ lé wọn. Lọ́dọ̀ wa, òbí kì í sin òkú ọmọ rẹ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kó mọ ojú oórì rẹ̀. Ìyá ọkọ mi bá wọn lọ. Nígbà tó dé, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń bu omi fọ iyanrìn kúrò lẹ́sẹ̀, ó fọ ẹsẹ̀ náà títí.

Ọjọ́ kejì ni ọkọ mi dé pẹ̀lú ẹja púpọ̀. Mo ti ro ohun tí n ó sọ fún un, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i, gbólóhùn kan péré ló jáde.

“Ìyá rẹ ló pa ọmọ wa.”

Ó jókòó sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Ó ní, “Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́ nínú ilé yìí. Mo bẹ̀ ọ́.” Pákó ni ògiri wa. Mo mọ̀ pé ìyá rẹ̀ gbọ́. Mo sọ ọ́ sókè kó lè gbọ́ ni.

Láti ọjọ́ náà, n kò jẹ oúnjẹ tó bá sè. Mo ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀ nítorí pé wọ́n kọ́ mi bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni ń kí àlejò ni. A jọ ń yan ẹja lórí ààrò kan náà láìsọ ọ̀rọ̀ síra wa. Àwọn aládùúgbò ń wá bá mi kẹ́dùn: “Ọmọdé ni ọ́, wàá tún bímọ. Omi ló dànù, agbè kò fọ́.” Mo kórìíra ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ mi kì í ṣe omi.

Kérésìmesì kọjá lọ lójú wa. Àwọn ọmọ àdúgbò wọ aṣọ tuntun, wọ́n ń ti ilé dé ilé. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa, mo ti ilẹ̀kùn.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní ọdún ni ìjọ wa máa ń ṣe ìdúpẹ́. Ilé Ọlọ́run náà kò ju ilé ọparun tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò lọ, iyanrìn ni ilẹ̀ rẹ̀. Bàbá arúgbó kan tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ni olórí wa. Ọkọ mi ti ṣáájú lọ láti bá wọn to bẹ́ǹṣì. Ìyá rẹ̀ wọ aṣọ funfun, ó wá dúró lẹ́nu yàrá mi.

“Ìyàwó, ó yá. Ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Ẹ máa lọ, Ìyá. N kò rí ohun tí mo fẹ́ dúpẹ́ fún.”

Mo rò pé yóò bá mi wí. Kò bá mi wí. Ó dúró síbẹ̀, ó di òpó ilẹ̀kùn mú.

“Èmi náà ò rí i,” ló wí. “Ṣùgbọ́n mi ò lè dá lọ.”

Bí mo ṣe dìde nìyẹn. Kì í ṣe nítorí Ọlọ́run. Ohùn rẹ̀ ni kò jọ ohùn tí mo mọ̀.

Ọyẹ́ bolẹ̀ lọ́jọ́ náà, a kò rí òdìkejì ọ̀sà. Inú ilé Ọlọ́run kún. Wọ́n kọrin, wọ́n jó, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo jókòó bí igi. Wọ́n kọrin nípa ọjọ́ àjíǹde. Lẹ́yìn náà, bàbá ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn èèyàn síwájú: àwọn tó kọ́lé, àwọn tó ríṣẹ́, àwọn tí ọ̀sà fẹ́ gbé lọ tí Ọlọ́run yọ. Ó wá ní, “Gbogbo ìyá tó bímọ lọ́dún tó kọjá, ẹ bọ́ síwájú.”

Ìyá mẹ́jọ jáde pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni èmi àti ọ̀kan nínú wọn bímọ. Ọmọ rẹ̀ ké. Omi ọmú tí mo rò pé ó ti gbẹ, ó sun, ó sì rin bùbá mi. Mo ká apá mọ́ àyà, mo tẹ orí ba. Ìgbà tí mo gbójú sókè, ìyá ọkọ mi ti dìde. Ó rìn lọ síwájú, ó dúró láàárín àwọn ìyá ọlọ́mọ, òun nìkan ni kò gbé nǹkan kan lọ́wọ́.

“Ìyá,” bàbá ìjọ rọra wí, “àwọn tó bímọ la pè.”

“Mo gbọ́ yín, Bàbá.” Ó kúnlẹ̀. “Àìsàn ọmọ ọmọ mi ṣojú mi. Ìyá rẹ̀ ní ká gbé e lọ ọsibítù lọ́sàn-án, èmi ni mo ní kó di àárọ̀. Mo rò pé mo gbọ́n. Kò sí ẹni tó bi mí léèrè nínú yín, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti ń gbàdúrà láti ọjọ́ náà, àdúrà náà kò kọjá ọ̀fun mi. Mi ò fẹ́ kí ọdún tuntun bá ọ̀rọ̀ náà nínú mi. Ẹ bá mi bẹ ìyàwó yìí. Mi ò sọ pé kó dárí jì mí lónìí. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo rí tí mo lè dúpẹ́ fún: ì bá ti kó ẹrù rẹ̀ padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń bá mi gbé.”

Kò sí ẹni tó ṣe àmín. Bàbá ìjọ, àgbàlagbà tó tó bàbá rẹ̀, kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí iyanrìn.

“Ọlọ́run tí a ń sìn,” ó wí, “wọ́n pa Ọmọ tirẹ̀ náà, wọ́n sì sin ín. Kò ní bínú sí ẹni tó bá wá sunkún níwájú rẹ̀.”

Ó parí síbẹ̀, kò wàásù.

Òótọ́ ni n ó sọ: inú ló kọ́kọ́ bí mi. Mo rò pé ó fẹ́ fi tipátipá gba àforíjì lọ́wọ́ mi lójú gbogbo èèyàn ni. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ dìde, eékún rẹ̀ kò gbé e. Ó tún gbìyànjú. Ọkọ mi ń wò mí láti apá àwọn ọkùnrin, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀. Gbogbo ìjọ dúró, kò sẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́, mo sì mọ ẹni tí wọ́n ń dúró dè. Mo lọ, mo ki ọwọ́ bọ abíyá rẹ̀, mo gbé e. Ó fúyẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. A jọ dúró síbẹ̀. Bàbá ìjọ ń gbàdúrà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn wá, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí.

Lẹ́yìn ìsìn, èmi àti ìyá jọ ń padà lọ sílé. Ó dúró lọ́nà.

“Ṣé o fẹ́ rí ibẹ̀?”

Mo mọ ibi tó ń sọ. “Ìyá, wọ́n ní òbí kì í rí i.”

“Àwọn tó gbà pé ẹni tó kú ti lọ pátápátá ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu wa la fi kọrin nísinsìnyí pé òkú yóò jí. Ẹni tó máa jí, ṣé kí ìyá rẹ̀ má mọ ibi tó sùn sí ni?”

Ó mú mi lọ sí ibì kan tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀, lábẹ́ àwọn igi àgbọn. Òkìtì kékeré kan ni. Ẹnì kan ti to ìkarahun yí i ká, kò sí koríko kan lórí rẹ̀. Mo wo ìyá ọkọ mi. “Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń wá,” ló wí.

Mo jókòó sílẹ̀, mo ké. Kò ní kí n dákẹ́. Ó jókòó tì mí, ó sì ń wo omi. Nígbà tí n kò lókun mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

“Ó rẹ́rìn-ín sí mi rí, nínú omi ìwẹ̀. Mi ò sọ fún ọ nítorí mo fẹ́ kó jẹ́ pé ìwọ ni yóò kọ́kọ́ rí i.”

“Mo rí i,” mo dá a lóhùn. “Ẹ̀rín rẹ̀ máa ń wọ́ sápá kan.”

“Apá òsì.”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a sọ̀rọ̀ ọmọ náà láti ọjọ́ tó ti kú. A jókòó títí ebi fi pa wá. Mo gbàdúrà kan níbẹ̀, kò gùn: mo ní kí Ọlọ́run bá mi tọ́jú rẹ̀ títí n ó fi dé. Mo sì dúpẹ́ ẹ̀rín náà.

Ọgbẹ́ ọkàn mi kò jinná lọ́jọ́ náà. Inú ṣì ń bí mi ní Oṣù Kìíní, ó ṣì ń bí mi títí òjò fi dé. Ọjọ́ kẹta ọdún ni mo tó jẹ oúnjẹ rẹ̀, n kò sì jẹ ẹ́ tán. Ọdún mẹ́rin kọjá kí n tó lóyún mìíràn. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún wọ̀nyẹn, bí ó bá ti gbọ́ pé ara ọmọ ẹnikẹ́ni gbóná ní etí omi, ìyá ọkọ mi á fi ààrò sílẹ̀, á lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn. “Ẹ má dúró de àárọ̀ o,” ni yóò wí. Ó máa ń bá wọn gbé e dé ojú títì, pẹ̀lú eékún rẹ̀ tó ń ro ó. Mo mọ ọmọ méjì tí wọ́n dàgbà di abiyamọ nítorí rẹ̀.

Ó ti lọ báyìí, ọkọ mi náà ti lọ. Wọ́n ti da iyanrìn kún etí ọ̀sà, wọ́n ti kọ́lé bo gbogbo ibẹ̀, n kò lè tọ́ka sí ibi tí òkìtì náà wà mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní ọdún kọ̀ọ̀kan, mo máa ń dúró nínú ìjọ, mo sì máa ń sọ pé mo dúpẹ́. Ọdún mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́fun. Mo máa ń dúró dè é títí yóò fi jáde.