Ṣọ́ọ̀kì Iwájú fún Èèyàn Méjì

Gbogbo ẹni tó bá wọ ọgbà mi ní Iba ló fẹ́ bá mi ta alùpùpù mi. Pásítọ̀ wá kí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ tà á." Aládùúgbò wá yá àkàbà, kò tíì gbé àkàbà kúrò nílẹ̀ tóun náà fi ní kí n tà á. Àbúrò mi pè láti Èkìtì, kò tíì béèrè àlàáfíà mi tán tó fi ní, "Ẹ̀gbọ́n, nǹkan yẹn ṣì wà lọ́wọ́ yín?" Ẹ jọ̀wọ́ o, ṣé ẹ̀yin lẹ bá mi rà á ni? Máṣìnì tí mo rà nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí mo gùn lọ sílé àwọn àna mi, tí mo fi gbé ọmọ mi lọ síléèwé, tó ṣì ń sítáàtì bí mo bá ti fẹsẹ̀ ta á lẹ́ẹ̀kan péré. Gbogbo àwọn tó ń sọ̀rọ̀ yìí, mọ́tò tiwọn ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ mi ò ní parọ́, iwájú ẹ̀ ò dáa. Ṣọ́ọ̀kì méjèèjì tó di táyà iwájú mú, àwọn irin gígùn tó yẹ kó máa rì kó sì máa yọ padà bí a bá kó sí kòtò, wọ́n tínrín, sípíríńgì inú wọn sì ti rọ. Bí a bá já sí kòtò, wọ́n á rì dé ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n á dún gbì! Ìyàwó mi tó wà lẹ́yìn á fi iwájú orí kọ lu ẹ̀yìn mi. Á ní, "Dádì, ìbàdí mi o!" Èmi á ní kó dì mí mú dáadáa. Òun á ní ṣé dídì tí òun bá dì mí mú ló máa di kòtò. Bá a ṣe máa ń jà nìyẹn láti ilé wa dé Ajangbadi tá a bá lọ ra ẹja, àá sì tún jà bọ̀ wá sílé. Ọdọọdún ni mò ń ṣèlérí pé màá pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì yẹn.

Ọmọ wa kan ṣoṣo, obìnrin, ìlú òyìnbó ló ń gbé. Nígbà tó bímọ, ìyá ẹ̀ lọ bá a tọ́jú ọmọ, bí gbogbo ìyá ṣe ń lọ. Oṣù mẹ́ta ló pè é. Ó se ọbẹ̀ sínú fìríìsà, ó kọ ọ́ sára abọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀fọ́, ata, ẹ̀gúsí, ó ní kó tó tán òun á ti dé. Ọbẹ̀ tán. Oṣù mẹ́ta di mẹ́fà, mẹ́fà di ọdún kan, ọmọ kejì tún dé, ó di ọdún mẹ́ta. Bá a bá ti ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohun tí mo máa ń sọ ò ju ọ̀kan lọ: "Má kánjú o. Tọ́jú àwọn ọmọ dáadáa. Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí." Ohun tó yẹ ọmọlúàbí nìyẹn. Àgbàlagbà ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ṣé kí n wá máa ké bí ọmọ tí wọ́n gba ọmú lẹ́nu ẹ̀ ni?

Irọ́ ni. Nǹkan ń ṣe mí. Mo máa ń tan tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ kí ohùn èèyàn lè wà nínú ilé. Ìrẹsì èèyàn méjì ni mo ṣì ń sè, torí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ti ẹnì kan, màá sì fi ọjọ́ mẹ́ta jẹ ìyókù. Lọ́jọ́ kan mo jáde lọ ra búrẹ́dì, bí mo ṣe ní kí n kí obìnrin tó ń tà á, ohùn mi há. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé mi ò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ àná. Obìnrin náà ní, "Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́, ṣé ọ̀fìnkìn ni?" Mo ní ọ̀fìnkìn ni.

Ọjọ́ Àìkú kan báyìí, lẹ́yìn tí mo dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó mi pè. Inú ẹ̀ dùn lọ́jọ́ yẹn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dádì, ṣé máṣìnì yẹn ṣì ń gbo èèyàn? Tí mo bá dé, mi ò gùn ún o, àfi tẹ́ ẹ bá tún iwájú ẹ̀ ṣe." Ẹ gbọ́ ná. Tí mo bá dé! Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹ̀ kẹ́yìn. Ó lè jẹ́ pé àwàdà ni, èmi ò mọ̀, èmi gbá a mú. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́, mo ti wà ní Ọjà Àlàbá.

Mo kọjá níbi tí wọ́n ti ń ta tẹlifíṣọ̀n àti fìríìjì, mo gba ẹ̀yìn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irin tòkunbọ̀. Ọkùnrin Ìgbò kan tó ti gbé ládùúgbò yìí títí tí Yorùbá ẹ̀ fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu fa ṣọ́ọ̀kì méjì yọ lára alùpùpù ńlá kan tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ti kú. Wọ́n nípọn tó ọrùn ọwọ́ mi. Ó fi ọ̀kan lélẹ̀, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, ó rì díẹ̀díẹ̀, ó sì gbé e padà sókè jẹ́jẹ́. Ó ní, "Dádì, èyí á gbé ẹ̀yin àti Màmá dé Kùtọnu, omi inú ife yín ò ní dànù." Ẹ̀yin àti Màmá! Mi ò bá a ná an pẹ́.

Mẹkáníìkì mi wà ní Okokomaiko. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí àkókò ìrun bá sì ti tó, kódà kó jẹ́ pé ìdajì bóòtù ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, á fi í sílẹ̀. Ó wo ṣọ́ọ̀kì, ó wo máṣìnì, ó mí kanlẹ̀. Ó ní irin tó di ṣọ́ọ̀kì mú lókè lára máṣìnì mi ò ní gba irú èyí, àfi ká gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń gé irin lórí ẹ̀rọ. Mo ní ká gbé e lọ. Ó ní bíárìn ọrùn náà á yí padà. Mo ní kó yí padà. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni, ojoojúmọ́ ni mo sì ń lọ jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Mò ń pariwo pé kó ṣọ́ra, pé ojú irin yẹn ò gún, pé ọwọ́ ẹ̀ ti le jù. Kì í ṣe pé ó nílò mi. Ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ohùn èèyàn.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó ti to gbogbo ẹ̀ tán, ó ku ìdérí òkè. Ó nu ọwọ́, ó ní, "Bàbá, èèyàn mélòó ló máa wà lórí ẹ̀?"

"Méjì."

Ó wo ìjókòó ẹ̀yìn. Eruku tó wà níbẹ̀, èèyàn lè kọ̀wé sí i. Ó ní, "Ẹ̀yin nìkan ṣáà ni mo máa ń rí."

"Mo ní méjì! Àbí o fẹ́ kọ́ mi ní ìṣirò ni?"

"Ẹ má bínú, sà."

Ó wá rọra ṣàlàyé fún mi. Ó ní páìpù kékeré kan ń bẹ tí òun máa gé lé sípíríńgì lórí nínú ṣọ́ọ̀kì, gígùn ẹ̀ ló máa sọ bí iwájú ṣe máa le tó. Bí mo bá tẹ bíréèkì, ìwọ̀n ẹni tó wà lẹ́yìn, iwájú ló ń bọ̀. Bí òun bá gé e fún ẹnì kan tí èèyàn méjì wá gùn ún, á máa rì dé ìsàlẹ̀ bíi tàtijọ́. Bí òun bá gé e fún èèyàn méjì tí ẹnì kan sì ń dá a gùn, á le gbagidi, gbogbo òkúta ọ̀nà ló máa wọ ẹni náà léegun. Ìdí nìyẹn tóun fi bi mí. Mo ní ó dáa, méjì ni.

Ó so rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ara irin ṣọ́ọ̀kì, kó lè rí ibi tó bá rì dé, ó ní kí n gùn ún. Mo gùn ún. Ó wá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó bu iyanrìn sínú àpò, ó gbé e wá, ó gbé e lé ìjókòó ẹ̀yìn. Àpò náà fara ti ẹ̀yìn mi. Ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti fara tì mí bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Ṣé Màmá tó báyìí? Àbí ká bu díẹ̀ sí i?"

Mo la ẹnu kí n dáhùn, ni mo bá rí i pé mi ò mọ̀. Èmi tá a ti jọ ń gbé fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Nínú fóònù, ojú ẹ̀ nìkan ni mo ń rí, nígbà míì iwájú orí lásán, torí kò mọ fóònù mú. Ṣé ó ti sanra ni? Ṣé ó ti rù? Mo ní kí mẹkáníìkì dúró, mo sì pe ìyàwó mi níbi tí mo jókòó sí lórí máṣìnì, pẹ̀lú àpò iyanrìn lẹ́yìn mi.

Ó gbé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Dádì, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí. Màmá, kìlógíráàmù mélòó lo wà báyìí?"

"Kí ni?"

"Ìwọ̀n ara ẹ ni mò ń béèrè."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Dádì, ṣé orí yín pé báyìí? Kí lẹ fẹ́ fi ìwọ̀n ara mi ṣe?"

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ṣọ́ọ̀kì tó nípọn, páìpù tó fẹ́ gé, iyanrìn. Mò ń yára sọ̀rọ̀ bí ọmọ tó gba ipò kìíní. Mo ní, "Ìbàdí ò ní dùn ẹ́ mọ́. Ó yá, sọ ọ́, ọkùnrin yìí ń dúró."

 Mo ṣe bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ. Mo ní, "Hàló? Hàló?"

"Mò ń gbọ́ yín." Ohùn ẹ̀ ti yí padà. "Dádì, mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí o."

"Iṣẹ́ wo?"

"Ó ti lé lọ́dún kan. Bàbá àgbàlagbà kan ni mò ń tọ́jú. Mo máa ń wẹ̀ ẹ́, mo máa ń se oúnjẹ ẹ̀. Mi ò sọ fún yín torí mo mọ̀ pé inú máa bí yín."

Inú máa bí mi lóòótọ́. Láti Iba dé Navy Town, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ pé mo máa ń bínú. Mo ti fa èémí pé kí n pariwo, ìyàwó èmi, ní ọjọ́ orí yìí, tó ń wẹ bàbá ẹlòmíì! Ohun tó jáde lẹ́nu mi ò jọ bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ṣé kò lọ́mọ ni?"

"Ó ní mẹ́rin. Wọn ò sí nítòsí. Ìyàwó ẹ̀ ti kú. Ó ń dá gbé ni, Dádì. Lọ́jọ́ tí mi ò bá lọ, kò sẹ́ni tó máa bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú."

"Ta ló ń bá a jẹun?"

"Èmi náà ni."

Mo di ọwọ́ máṣìnì mú. Mo ní, "Màmá, èmi náà ń dá gbé."

 Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ẹkún ti wà nínú ohùn ẹ̀. "Ẹ ní kò sí nǹkan tó ń ṣe yín. Ọdún mẹ́ta, Dádì. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè, ẹ̀ ń ní kí n má kánjú. Mo ní bóyá ìsinmi tiẹ̀ ni fún yín pé mi ò sí nílé."

Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi tí mo ń bá gbogbo ayé jà, mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn. Mo ní, "Ìgbà wo lo ń bọ̀?"

"Mo ti fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ ọdún méjì sí i lóṣù tó kọjá. Ká ní ẹ ti sọ fún mi ni."

 Ó ní àkókò oògùn bàbá náà ti tó. Mo ní kó lọ fún un, kó bá mi kí i. Títí tá a fi parí, kò sọ ìwọ̀n ara ẹ̀ fún mi.

Mẹkáníìkì ti kẹ̀yìn sí mi, ó ń nu sípánà tí kò dọ̀tí. Mo ní, "Gbé àpò yẹn sọ̀ kalẹ̀. Gé e fún ẹnì kan."  Ó gbé iyanrìn padà fún àwọn oníbúlọ́ọ̀kù, ó gé páìpù náà kúrú, ó da ọ́ìlì sí i, ó dé e. Ó ní, "Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín, Bàbá." Mo ní àmín.

Mo gùn ún lọ sílé. Ọ̀nà Okokomaiko sí Iba yẹn, gbogbo kòtò ẹ̀ ni mo mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì kó sínú gbogbo wọn. Kò dún gbì. Ó ń rì jẹ́jẹ́, ó ń yọ padà jẹ́jẹ́, bí ọkọ̀ ojú omi. Láti ọjọ́ tí mo ti ra máṣìnì yẹn, kò dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó kù díẹ̀ kí n dé àdúgbò wa, mi ò ríran mọ́, mo ní láti dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo yọ akoto lórí, mo sì sunkún.

Ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ dúró. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú wàhálà. Ṣé ó bà jẹ́ ni?"

Mo ní, "Rárá o. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa."